Ohùn Ìyá àti Ọ́pùdéètì

Ẹ sáà bá mi bi àwọn tó ń ṣe fóònù wọ̀nyí: kí ló dé tí ohun tuntun wọn kì í lè wọlé kó má kọ́kọ́ lé ti àtijọ́ síta? Ohun tí wọ́n fẹ́ fi dààmú Eyínmẹ́nugún nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ ṣe íńtáfíù.

Iṣẹ́ Eyínmẹ́nugún ni kó máa yẹ áàpù wò kí wọ́n tó gbé e síta, kó wá ibi tó ti bàjẹ́ kí oníbàárà tó bá a níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé. Ó ń wáṣẹ́ kiri, ó kọ̀wé títí ọwọ́ fi ń ro ó, ó sì ti ta fóònù tirẹ̀ jẹ. Ti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Ilé-iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pè é fún íńtáfíù iṣẹ́: aago mẹ́wàá òwúrọ̀, inú áàpù tiwọn, orí fóònù, wọn ò gba kọ̀ǹpútà. Ó jí ní kùtùkùtù, ó ṣí áàpù náà kó fi yẹ̀ ẹ́ wò, ni áàpù bá ní òun ò ní ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá ṣe ọ́pùdéètì, ìyẹn ni pé kí wọ́n sọ gbogbo inú fóònù di tuntun.

Ẹ ó ní, ṣebí kó ṣe é. Ẹ rọra. Ohùn ìyá rẹ̀ ló wà nínú fóònù yẹn.

Ìyá yìí ń ta ọ̀dà ní ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé. Àìsàn ọ̀fun ló kọ lù ú, àwọn dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ tó máa gbà á là ló máa gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó lọ ṣe é, Eyínmẹ́nugún mú un jókòó, ó ní kó sọ gbogbo ohun tó máa ń sọ lójoojúmọ́ sínú áàpù kan. Láti ìgbà náà, tí oníbàárà bá wọlé, ìyá á tẹ fóònù, fóònù á ní, "Ẹ káàbọ̀ o, àwọ̀ wo lẹ fẹ́?" Tẹ́ni yẹn bá nájà tó sọ owó tí kò mọ́gbọ́n dání, á tún òmíràn tẹ̀: "Háà! Ṣé kí n kúkú gbé ṣọ́ọ̀bù fún yín ni?" Ohùn tirẹ̀ gan-an ni, tòun ti yẹ̀yẹ́ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe áàpù náà ti pa á tì. Kò sí ọ̀nà láti kó ohùn jáde nínú rẹ̀, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ tí inú fóònù bá ti di tuntun.

Eyínmẹ́nugún pe ilé-iṣẹ́ náà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún íńtáfíù síwájú. Ọkùnrin tó gbé e ní àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Eyínmẹ́nugún gbé fóònù sílẹ̀.

"Mi ò ní fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ọ̀kan," ó ní. "Méjèèjì ni mo máa gbà."

Ìyá rẹ̀ gbé èjìká, bí ẹni ń sọ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ohun tó rò nìyí: tí ohùn ò bá lè gba inú fóònù jáde, ṣebí ó lè gba etí. Kí fóònù kan máa sọ̀rọ̀, kí èkejì máa gbọ́, kó sì gbà á sílẹ̀. Ó sáré lọ kanlẹ̀kùn Télọ̀, aládùúgbò wọn.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín. Ẹ dákun, ẹ má ranṣọ fúngbà díẹ̀ pẹ̀lú."

"O gba fóònù, o tún dá iṣẹ́ dúró?" Télọ̀ pariwo. "Ṣé kí n bọ́ ṣòkòtò kún un?" Àmọ́ nígbà tó gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ̀lé e. Fóònù tirẹ̀ ti gbó kọjá ohun tí áàpù íńtáfíù lè gbà, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ṣe etí rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ki orí bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, torí ibẹ̀ ni ariwo títì ò fi bẹ́ẹ̀ dé. Ìyá á tẹ̀, ohùn á jáde, fóònù Télọ̀ á gbà á. Kò pẹ́ tí fóònù Télọ̀ fi ní òun ti yó, kò sáyè mọ́.

"Kí la máa pa rẹ́?" Eyínmẹ́nugún bi í.

Télọ̀ wo àwòrán gbogbo aṣọ tó ti rán, ó wò wọ́n bí ẹni ń dágbére. "Pa wọ́n rẹ́ jàre. Aṣọ ṣì wà lára àwọn tó ni ín."

Ìyá ló ń yan èyí tó kàn. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ yàn: ìkíni, "ọ̀dà yẹn ti tán," "ẹ padà wá lọ́la." Lẹ́yìn náà ló kan èébú. Èébú ìyá yìí ò kéré, kò sì fẹ́ kí ẹyọ kan sọnù. Ẹ̀rín fẹ́ pa Télọ̀. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ tán àfi ẹyọ kan, ibi tí ìyá ti pe ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń pè é láti ìsàlẹ̀ ilé: "Eyínmẹ́nugún o!"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kan fun fèrè níta, fèrè nìkan ló wọlé. Wọ́n tún un tẹ̀, Télọ̀ sín.

Eyínmẹ́nugún wo aago. Ọ́pùdéètì ń pẹ́. Tí kò bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, íńtáfíù ti lọ nìyẹn. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i," ó ní. Télọ̀ di imú rẹ̀ mú. Ìyá gbé fóònù tirẹ̀, àmọ́ kò tẹ ibi orúkọ. Ọ́pùdéètì ló tẹ̀. Ojú fóònù ṣókùnkùn.

"Mọ́mì! Kí lẹ ṣe yẹn? Ó ku ẹyọ kan! Tèmi ló kù!" Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, inú ń bí i, ó sì ń dùn ún wọra. Télọ̀ fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó rọra yọ́ jáde.

Ìyá nawọ́ sí fóònù Télọ̀, ó tún nawọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi ṣọ́ọ̀bù: tàwọn oníbàárà nìyẹn. Ó wá nawọ́ sí ètè ara rẹ̀: tìẹ rèé. Ó di àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ mú títí ojú wọn fi ṣe mẹ́rin, ó sì la ẹnu pè é. Kò sí ohùn. Eyín hàn, ètè pàdé, ètè ṣù jọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ le, bí ẹni ń béèrè pé ṣé adití ni ọmọ yìí ni.

Eyínmẹ́nugún gbọ́ ọ.

Kí ọkàn yín balẹ̀, wọ́n gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló wù mí jù. Áàpù ṣí, ojú ẹni méjì yọ, ìyá jókòó sí ibi tí kámẹ́rà ò ti rí i. Wọ́n bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó nu ojú, ó sọ orúkọ inú ìwé fún wọn.

"Ṣùgbọ́n Eyínmẹ́nugún ni ìyá mi ń pè mí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."