Àbùkù Tí Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì Rí

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán báàgì, Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ báàgì wò: èyí tó bá dára, kó kọjá, èyí tí òwú rẹ̀ bá fò, kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára, kí wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Àwọn aránṣọ bẹ̀rù rẹ̀ ju ọ̀gá lọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀, tí ó ń gẹrun nínú yàrá tó kọjú sí títì, bá a wá ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù kan. "Ìwọ tí o mọ báàgì tó báyìí," ló wí, "jókòó, kí o máa rán tìrẹ." Ó jókòó lóòótọ́. Ó gé aṣọ, ó rán an, ó yí i síta, báàgì jáde, ó wu ojú. Àmọ́ ẹ wá wo ẹjọ́: kó tó gbé e sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mú ṣọ́ọ̀kì. Òwú kan fò. Ó fa ìlà! Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí òkìtì báàgì fi ga lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹyọ kan kò sì dé ọwọ́ oníbàárà. Àṣejù ni, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un?

Níkẹyìn, ó ránṣẹ́ sí alálòkù pé kó wá ra ẹ̀rọ náà.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o ò ní rò ó wò?" ni ọkọ rẹ̀ bi í láàárọ̀ ọjọ́ tí alálòkù náà ń bọ̀.

"Mi ò lè ta àbùkù fún ọmọ ọlọ́mọ." Ẹ̀rọ kọ́ ló ń dùn ún. Ẹ̀rù ń bà á pé òun ò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́ ju kí òun máa rí àṣìṣe.

Ọkọ rẹ̀ fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gẹrun. "Ó dáa. Yẹ èmi náà wò. Ibi tí o bá ti rí àbùkù, fa ìlà sí i."

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ràn, Bàbá àwọn ọmọ."

"Àbí ojú rẹ ò mú mọ́ ni?"

Ìyẹn ta á lára. Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Orí tó pá: ìlà. "Agẹrun tí kò nírun!" Etí tí kì í gbọ́ bí wọ́n bá ní kó gbálẹ̀: ìlà. Imú tó ń hanrun: ìlà ńlá. Ẹ̀rín ti ń pa àwọn méjèèjì. Ó wá di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó rí ìka tó wọ́, èyí tí ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé mọ́ nígbà tó ń sáré gbé e lọ bí àkọ́bí wọn. Ṣọ́ọ̀kì dúró lórí ìka náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Fà á síbẹ̀ jàre," ọkọ rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ó wọ́, mo mọ̀. Kí ló dé tí o ò tíì jù mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gbogbo ọdún yìí wá?"

Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀, ó sunkún dáadáa, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó sì ti pẹ́ tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un gbẹ̀yìn.

Alálòkù náà kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó rí agẹrun tí ṣọ́ọ̀kì bò láti orí dé imú. Ó lanu sílẹ̀. "Bàbá, ta ló ṣe yín báyìí?"

"Ìyàwó mi ni. Ó ní mo lábùkù."

"Háà! Ẹ̀rọ yẹn wá ńkọ́, Màmá?"

Obìnrin náà nu ojú. Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa báàgì kan yọ, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìlà ara báàgì náà kúrò, ó sì gbé e lé alálòkù náà lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, ẹ̀rọ ti kúrò lọ́jà. Báàgì ni mo ń tà. Òwú kan fò nídìí rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Èmi ni mo rán an."