Bí Awakọ̀ Rélùwéè Ṣe Di Kòkòrò Oyin

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni bàbá mi fi wa ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ilé sú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwa méjèèjì péré là ń gbé lókè kẹta. Bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa fetí sí ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́nà jíjìn. Bí mo bá dé, dípò kí wọ́n kí mi, wọ́n á ní, "Ọkọ̀ aago mẹ́rin fi ìṣẹ́jú méje pẹ́ lónìí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ọkọ̀ wà!"

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn mọ́. Ni mo bá ra hóró tòmátò, mo bu ilẹ̀ sínú agolo mílíìkì kan, mo gbé e síwájú wọn.

"Kí lèyí?"

"Oko yín ni, Bàbá."

Wọ́n wo agolo, wọ́n wò mí. "Èmi tí mò ń kó ẹgbẹ̀rún èèyàn lójúmọ́, o ní kí n wá máa ṣọ́ agolo."

Síbẹ̀, wọ́n gbìn ín. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n pe fóònù wọ́ọ̀dù wa. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀gá mi ló sì gbé e. Ohun tó gbọ́ ni, "Ó ti yọrí! Ó ti yọrí!"

"Ta ló ń rọbí?" ni ọ̀gá mi pariwo. "Àdírẹ́sì yín dà? Ẹ má fà á o!"

"Ta ló fẹ́ fà á?" ni bàbá mi dá a lóhùn. "Ewé méjì péré ló ní!"

Ìfẹ́ wá pọ̀ jù. Láàárọ̀ omi, lọ́sàn-án omi, nírọ̀lẹ́ omi, títí ewé fi ń pọ́n rúsúrúsú. Omi kún agolo, ó ṣàn gba ojú fèrèsé, ó sì balẹ̀ sórí aṣọ tí Màmá Tíṣà sá sí ìsàlẹ̀. Opó ni Màmá Tíṣà, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ níléèwé. Wọ́n gòkè wá bá wa jà. Bí wọ́n ṣe rí agolo, ìjà yẹn pa rẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á! Ẹ dá ihò sí ìdí agolo yìí, ẹ fi àwo sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó bomi rin ín. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìka bọ ilẹ̀ bíi dókítà tó ń wo ibà. Agolo kan di mẹ́sàn-án. Wọ́n fọ gíláàsì fèrèsé kí oòrùn lè ráyè wọlé. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kọrin, wọn ò bá ọkọ̀ aago mẹ́rin jà mọ́. Òdòdó yọ, àmọ́ ó ń rẹ̀ dànù.

"Kòkòrò oyin ò sí nínú ilé," ni Màmá Tíṣà wí. "Ẹ wá nǹkan tó ń gbọ̀n, kí lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó lè dà sílẹ̀, kó lè so."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ látibi iṣẹ́, ni mo gbọ́ "Sùùùn! Sùùùn!" àti ohùn bàbá mi: "Mo dé o, ẹ̀yin arẹwà! Ẹ má sá fún mi!" Obìnrin kan sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rín ní gìgísẹ̀. Télọ̀ tó ń gbé òdìkejì wa yọrí síta.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí o? Àtàárọ̀ ni Bàbá ti ń kùn."

Mo ṣílẹ̀kùn. Orí àga ni bàbá mi dúró sí. Wọ́n wọ ẹ̀wù yẹ́lò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n fá irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì funfun báláú, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n tó ń gbọ̀n rìrì kan ọrùn òdòdó. Màmá Tíṣà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di ikùn mú.

"Ẹ̀rọ yẹn ti ń kùn, Bàbá. Kí lẹ̀yin náà ń kùn fún?"

"Kòkòrò oyin wo lo rí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun kùn?"

Télọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kóun náà dán an wò. Kí n tó bọ́ bàtà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń kùn.

Tòmátò àkọ́kọ́ pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbá mi gé e sí mẹ́rin, wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i. A jẹ ẹ́, bàbá mi sì ń wò wá lẹ́nu.

"Ó kan díẹ̀," ni Télọ̀ wí.

"Jáde nílé mi!"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, bàbá mi fẹ́ fún Màmá Tíṣà ní agolo kan. Wọ́n mi orí. "Oòrùn ò dé ọ̀dọ̀ mi nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tèmi wà lókè níbí, màá máa wá tọ́jú ẹ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ti ìka bọ ilẹ̀ ni?"

Bàbá mi bojú wò mí, bí ọmọ tó ń tọrọ àyè. Mo yára kó àwo, mo sáré wọ ilé ìdáná, mo fi aṣọ ìnuwọ́ di ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bú jáde.