Àgbò Kẹta

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ara wọn, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà, ìdí oúnjẹ ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni, ní ilé Alhaji Mùstàfá ní Bolingbrook, ìlú kan lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Kàfáyàtù ìyàwó rẹ̀ ti se ìrẹsì, ó ti din ẹja, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn nítorí pé gbogbo ọmọ rẹ̀ ló wà nílé lẹ́ẹ̀kan náà: Abdulfatah àkọ́bí pẹ̀lú Muminat ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti ga sókè, Nusaybah àbíkẹ́yìn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, àti Fádìlù, ọmọ àárín, tó wakọ̀ wá láti ilé rẹ̀ ní Edgewater, nínú Chicago. Àlejò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Alhaja Afeezat, ará mọ́ṣáláṣí wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò.

Fádìlù yìí, Fàdìlàt ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Obìnrin ni gbogbo ayé kà á sí. Òun nìkan ló mọ̀ láti kékeré pé ọkùnrin lòun, ó ń sọ ọ́, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dàgbà, ó lọ bá dókítà, ohùn rẹ̀ yí padà, irùngbọ̀n hù, ó sì ní kí wọ́n máa pe òun ní Fádìlù. Abdulfatah gbà. Nusaybah gbà kíákíá, àní ó ń bá àwọn èèyàn jà lórí ẹ̀. Bàbá wọn ò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun ò gbà. Kàfáyàtù ní tirẹ̀, "ọmọ mi" ló ń pè é. Ọmọ mi, jẹun. Ọmọ mi, o ti rù jù. Ó rò pé ọgbọ́n ńlá lòun ń dá.

Ni Mùstàfá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọmọ rẹ̀ han àlejò. Ó nawọ́ sí Fádìlù, tòun ti irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Èyí ni Fàdìlàt, ọmọ mi obìnrin àgbà."

Alhaja Afeezat wo irùngbọ̀n, ó wo Mùstàfá, ó tún wo abọ́ ìrẹsì rẹ̀.

Nusaybah ju ṣíbí sílẹ̀ gbàgà. "Daddy! Violence lẹ ṣe yẹn o. I'm serious. Ìwà ipá ni."

"Ìwà kí ni?" Mùstàfá ṣí fìlà. Ọkùnrin tí kì í ṣí fìlà níwájú àlejò! Ó tẹrí ba, ó fi àpá tó gba iwájú orí rẹ̀ kọjá hàn wọ́n. "Nígbà tí mò ń wa takisí ní Chicago yìí, ẹnì kan fi ìdí ìbọn là mí lórí nítorí owó tí kò tó ra bàtà. Ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú, mi ò rí ọ̀nà. Ìyẹn ni violence! Ta ni mo fọwọ́ kàn níbí? Mo na ẹnikẹ́ni rí nínú yín?"

Òótọ́ ni, kò nà wọ́n rí. Kàfáyàtù ló ń nà wọ́n.

Fádìlù jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun," ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó lọ. Láti ọjọ́ náà kò dé Bolingbrook mọ́. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, ó wà ní shift ní ilé ìta-oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́. Àfi bíi pé òun nìkan ló ń ta oògùn fún gbogbo Chicago.

Nígbà tó yá, Muminat bí ọkùnrin làǹtìlanti. Ayọ̀ gbalé kan. Abdulfatah pe àbúrò rẹ̀ pé ìkómọ di Sátidé, ní ilé àwọn ní Woodridge. Èsì tí Fádìlù fọ̀ rèé: "Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín yọ̀ o, Ọlọ́hun á dá a sí. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè wá. Wọ́n á ní kí n lọ jókòó sáàárín àwọn obìnrin, Daddy á máa fi mí han gbogbo èèyàn pé àǹtí ọmọ nìyí. I can't."

Nígbà tí Abdulfatah ro ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá rẹ̀, àyà Kàfáyàtù já. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ń rí àwọn àgbàlagbà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n bímọ tí ọmọ kì í yà wò wọ́n, tó jẹ́ pé ọjọ́ òkú ni ọmọ ń dé. Ọ̀rọ̀ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ níbi ńlá. Ọmọ ò wá síbi ìkómọ kan, kò wá sí ọdún Iléyá kan, ó parí. Ẹ̀rù bà á gidigidi pé ọmọ òun ti ń lọ nìyẹn.

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò yà sílé. Ó gbé kúlà ọbẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó gba etí adágún lọ sí Edgewater. Ó yí àdúgbò ká títí kó tó ríbi gbé mọ́tò sí, ó sì bú gbogbo ẹni tó kọ́ ilé gíga tí kò ronú kan mọ́tò.

Fádìlù ṣílẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kóun kúnlẹ̀ ni àbí kóun dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó rí kúlà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ gbé ìyẹn gun òkè? Ṣé elevator ń ṣiṣẹ́ ṣá?"

"Bí kò bá ṣiṣẹ́, ṣé wàá wá pọ̀n mí ni?"

Ó ti kó ìwàásù jọ látọ̀nà: pé bàbá kì í jẹ̀bi ọmọ, pé ìgbéraga ò dáa. Nígbà tó jókòó tó rí ojú ọmọ rẹ̀, gbogbo ẹ̀ fò lọ. Ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ ò ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìbéèrè tó ń bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé wá síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, báwo ló ṣe ń dùn ẹ́ tó? Láti òdo dé mẹ́wàá."

"Mọ́mì, èmi kì í ṣe patient yín o."

"Dá mi lóhùn. Bí àjèjì bá pè ẹ́ ní obìnrin níbi iṣẹ́, mélòó ni?"

"Kò ju méjì lọ. Wọn ò mọ̀ mí."

"Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Márùn-ún."

"Daddy ẹ ńkọ́?"

Fádìlù kọjú sí fèrèsé, ó ń wo omi. "Lọ́jọ́ ìrẹsì yẹn? Mẹ́sàn-án."

Òfin kan wà tí Kàfáyàtù fi ń fìyà jẹ àwọn nọ́ọ̀sì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀: iye tí aláìsàn bá pè, òun ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má sọ fún un pé irọ́ ló ń pa nítorí pé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú ara rẹ̀ ni? Nítorí náà kò jiyàn.

"Ṣé violence wá ni lóòótọ́, bí Nusaybah ṣe wí?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì. Nusaybah fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá. Èmi ò ní kí wọ́n wá mú Daddy. Wọ́n ń jà lórí orúkọ tí wọ́n máa pe ohun tí Daddy ṣe, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Kàfáyàtù ti dìde kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọbẹ̀ láti Bolingbrook dé Edgewater, ṣé kò yẹ kí wọ́n yìn ín ni? Ó ní, "Èmi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká jẹ ọbẹ̀ tẹ́ ẹ gbé wá, Mọ́mì."

"Mo ní èmi ńkọ́?"

"Méje."

"Haà! Méje? Èmi? Kí ni mo pè ẹ́?"

"Ẹ ò pè mí ní nǹkan kan. 'Ọmọ mi, ọmọ mi.' Nusaybah ń jẹ́ Nusaybah, Bùọ̀dá Fatah ń jẹ́ Fatah. Èmi nìkan ni ò lórúkọ lẹ́nu yín." Ó rọra sọ ọ́, kò tiẹ̀ bínú. "Tí Daddy bá fẹ́ kí n wá, kí wọ́n pè mí fúnra wọn."

Kàfáyàtù sunkún nínú mọ́tò. Wọ́n ní ọmọ tó ń sunkún tó ń nawọ́ sí ibì kan, bí ìyá rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ á wà níbẹ̀. Tọmọ tirẹ̀ yìí, ìyá wà níbẹ̀, bàbá náà wà níbẹ̀.

Nígbà tó délé, Mùstàfá ń wo bọ́ọ̀lù. Kàfáyàtù pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mùstàfá fò dìde. "Mẹ́sàn-án! Nítorí orúkọ? Èmi tí wọ́n la orí mi, nígbà tí wọ́n bi mí léèrè lọ́sibítù, mélòó ni mo pè?"

"Mẹ́jọ lẹ pè, Daddy Fatah. Èmi ni mo di ọwọ́ yín mú."

Mùstàfá jókòó. Ó fọwọ́ kan àpá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, "Ìwọ ńkọ́? Mélòó ló fún ẹ?"

"Méje."

Ẹ̀rín pa á. "Ìwọ tó ń gbé ọbẹ̀ kiri!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi ojú náà ò sì tètè dá. Ó nu ojú. "Mi ò tíì gbà pé violence ni o. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ibi tiẹ̀ tí wọ́n ń lò ó sí."

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ gbà."

"Mo kàn ń sọ fún ẹ ni." Ó mú fóònù, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn tí ògiri ń dá dúró. "Ṣé o ń gbọ́ mi? Wàá wá ní Sátidé. A fẹ́ gé ẹran, ọwọ́ ọkùnrin ò tó. Mú ọ̀bẹ tó mú dáadáa wá." Ó gé fóònù, kò dágbére.

Sátidé pé. Àárọ̀ kùtù ni Mùstàfá àti Abdulfatah ti lọ sí oko tí wọ́n ti ń pa ẹran, wọ́n kó ẹran dé sí ẹ̀yìn ilé ní Woodridge. Àáfà ti gbàdúà, ó ti sọ ọmọ lórúkọ, àwọn obìnrin wà nídìí iná, àwọn ọkùnrin ń gé ẹran lórí tábìlì níta. Fádìlù dé, ó dúró létí ọgbà, ọ̀bẹ wà nínú àpò ike lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa yà sí.

"O pẹ́!" Mùstàfá pariwo mọ́ ọn. "Wá di itan yìí mú." Ó sún, ó fi í sáàárín ara rẹ̀ àti Abdulfatah.

Alhaja Afeezat ló jáde wá gba ẹran. Ó wo tábìlì, ó wo ilẹ̀, ó ka orí ẹran. "Alhaji! Ọkùnrin kan la bí, àgbò méjì la mọ̀. Mẹ́ta rèé. Àbí èkejì ọmọ ṣì wà nínú Muminat ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mùstàfá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó nu ọwọ́, ó gbé ọwọ́ náà lé èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Méjì jẹ́ ti ọmọ tuntun. Ìkẹta, ti èyí ni. Lọ́jọ́ tí mo fi í hàn yín, Alhaja, mo ṣì í pè. Fádìlù ló ń jẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ni. Nígbà tí a bí i, àgbò kan la pa, bí wọ́n ṣe ń pa á fún obìnrin. Ọkùnrin ń gba méjì. Èkejì rẹ̀ rèé."

Àáfà wúkọ́. "Alhaji, èyí ò sí nínú ohun tí a kà o."

"Ẹ pè é ní sàárà, Àáfà. Sàárà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ óò jẹ níbẹ̀ àbí ẹ ò ní jẹ níbẹ̀?"

Àáfà wo ẹran, ó ní òun ò kúkú sọ pé òun ò ní jẹ.

Fádìlù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí simẹ́ńtì, níwájú bàbá rẹ̀, tòun ti ẹ̀jẹ̀ ẹran lára aṣọ. Mùstàfá kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣẹ́jú. "Dìde, dìde. Aṣọ ẹ. Ẹran ń dúró."

Kàfáyàtù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ Edgewater ló ti ń fi orúkọ kan kọ́ ẹnu nínú mọ́tò, lọ sí ibi iṣẹ́, bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó ki ọrùn jáde, ó sì pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi wo ìta:

"Fádìlù! Fádìlù o! Gbé ẹran wọlé, epo ti gbóná!"

"Mò ń bọ̀, Mọ́mì!"

Ó gbé abọ́ ẹran wá. Bó ṣe fẹ́ kọjá, Kàfáyàtù dì í lápá aṣọ mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mélòó ni báyìí?"

Fádìlù fi èjìká nu ojú, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹran. "Mọ́mì, ẹ tún pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i ná."