Ramúramù Adúmáradán

Bí Yétúndé bá ń bọ̀ nílé, gbogbo àdúgbò ní Springdale, lókè òkun, ló ń mọ̀. Kí ó tó yà sí òpópónà wọn ni ajá ìyàwó ilé kejì yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, tí ife yóò sì máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, ọdún 1969 ni wọ́n ṣe é, V8 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó dúdú, ó sì ń dán bí awọ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí pa. Yétúndé sọ ọ́ ní Adúmáradán.

Tíṣà kẹ́mísìrì ni Yétúndé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Rexdale, òógùn ojú rẹ̀ ló sì fi ra ọkọ̀ náà. Àmọ́ láti kékeré ni ìfẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ọkùnrin kan tó múlé tì wọ́n gbé irú rẹ̀ bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Bí ọkùnrin náà bá ti tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láàárọ̀, Yétúndé á sáré lọ dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù inú yàrá wọn, kí ìró náà lè gba ikùn wọ inú rẹ̀. Ó máa ń dà bíi pé ẹranko ńlá kan ń sùn lábẹ́ ilẹ̀, tó sì ń lá àlá tó dùn. Ìró yẹn ló wá kiri títí tó fi dàgbà, tó fi lọ́kọ, tó fi rékọjá òkun.

Ní ìgbà ooru, lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, òun àtàwọn tí ìfẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí ń pa bí ọtí máa ń pàdé ní páàkì iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti kógbá sílé. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n á tan ọkọ̀, wọ́n á dákẹ́ máa gbọ́ ìró ọkọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìdákẹ́jẹ́ wọn ti ní ẹ̀dùn nínú. Wọ́n ń sọ pé ayé V8 ń lọ sópin, pé ọkọ̀ oníná mànàmáná ló kù tí gbogbo ènìyàn yóò máa gùn. Òyìnbó arúgbó kan láàárín wọn ní òun ò bẹ̀rù ikú, kí ọkọ̀ òun ṣáà má kọ́kọ́ kú.

Alameen ni Yétúndé sún mọ́ jù níbẹ̀. Apòògùn ni, kò ju òpópónà díẹ̀ lọ láàárín ilé wọn, ọkọ̀ tirẹ̀ sì pupa bí ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Tí dúdú bá ṣíwájú, tí pupa tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn máa ń dúró wò wọ́n. Àfi lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí Alameen dé tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ọkọ̀ funfun kan kàn yọ́ wọlé bí ẹja inú omi, ó dúró sáàárín wọn, Alameen sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Yétúndé wo ọkọ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Alameen, ṣé ọkọ̀ lo gbé wá ni àbí fíríìjì?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alameen náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Mo ti ta pupa yẹn, Auntie."

"O tà á? O tà á láìsọ fún mi?"

"Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, Auntie."

Ó lọ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ funfun náà. Ọ̀rọ̀ náà ká Yétúndé lára bíi pé ìbátan rẹ̀ kan ló ti yí ẹ̀sìn padà. Nígbà tó délé, Mákindé ọkọ rẹ̀ tún gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná tí òun fẹ́ rà fún lílọ sí ọ́fíìsì kalẹ̀.

"Ìyá Ṣìmí, ayé ń yí. Ẹ jẹ́ ká bá a yí."

"Kó máa yí lọ, Bàbá Ṣìmí. Èmi ti dúró ní tèmi."

Ṣìmí ọmọ wọn gbé ojú kúrò lára fóònù. "Mum, it's a car. It's not a person."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀," ni Yétúndé dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn gba ọ̀nà Georgetown lọ. Yétúndé ló kẹ́yìn àwọn aláriwo, Alameen oníná sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òjò ti rọ̀, oòrùn ti ń wọ̀, kùrukùru sì ń gbéra nílẹ̀ lára àwọn oko. Bí wọ́n ṣe kọjá ìlú náà tán ni èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì Adúmáradán. Ròbà omi ló bẹ́. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni Yétúndé ti mọ̀ pé ó yẹ kí òun pààrọ̀ rẹ̀, ó kàn ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la ni. Ó tẹ fèrè títí, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí àwọn tó wà níwájú gbọ́. Wọ́n ti lọ. Alameen nìkan ló dúró tì í títí ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ fi dé, tó sì gbé Adúmáradán lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Kò sí bí yóò ti ṣe é. Yétúndé wọ inú fíríìjì.

Alameen sọ gíláàsì kalẹ̀, ọkọ̀ náà sì gbéra láìwí nǹkan kan. Kùrukùru ti bo ojú ọ̀nà, àwọn òpó ọgbà oko ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wọ inú rẹ̀ padà. Ìgbà náà ni Yétúndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ó gbọ́ táyà tó ń lá omi lójú ọ̀dà. Ó gbọ́ ewé àgbàdo tó ń fara gbora. Ó gbọ́ àkèré, lẹ́yìn náà ó gbọ́ omi tó ń ṣàn láàárín òkúta, tí kò jìnnà rárá.

"Odò wà níbí?" ó bi í.

"Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Auntie."

Àìmọye ìgbà ni Yétúndé ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Àgbọ̀nrín kan jáde sáàárín títì, ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Alameen rọra dá ọkọ̀ dúró. Ẹranko náà kò sá. Ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó mí sí wọn, èémí rẹ̀ gbóná, ó ń rùn bí koríko tútù, ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Lójú Yétúndé, ó dà bíi pé ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí wọn ò tíì pín ohùn fún ẹnikẹ́ni.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Alameen ti sọ̀rọ̀. "Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Hameedah lórí, nínú òtútù tó kọjá."

Hameedah ni ìyàwó rẹ̀. Yétúndé yíjú sí i.

"Ara rẹ̀ ń yá. Ṣùgbọ́n kò lè gba ariwo mọ́. Mo tan pupa yẹn lọ́jọ́ kan, mo bá a nílẹ̀ ní kíṣìnnì, ó di orí mú. Mo sì fẹ́ máa gbé e jáde kó rí oòrùn."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, Auntie."

Yétúndé wo ojú ọ̀nà níwájú. Ó ní, "Iwájú ilé yín ni mò ń gbà délé."

"Ó máa ń mọ̀. Á ní Auntie ti dé o, á wá fi pílò bo orí."

"Má bínú, àbúrò mi," ni Yétúndé wí, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá tí gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n tún Adúmáradán ṣe tán, ọ̀nà jíjìn ló gbà gbé e délé. Ó se mọ́ínmọ́ín, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí Hameedah. Ó bá a nínú pálọ̀, wọ́n ti fa kọ́tìnì bo fèrèsé, orí rẹ̀ tí wọ́n ti fá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irun.

"Auntie, ọkọ̀ yín ńkọ́?" ni Hameedah kọ́kọ́ béèrè.

Yétúndé bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Hameedah gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ má bẹ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yín. Ọkọ̀ pupa yẹn ni Alameen gbé nígbà tó ń dẹnu kọ mí. Ariwo ni mò ń sá fún. Mi ò sá fún ọkọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò ní wọ irú ẹ̀ mọ́ láyé."

Ọ̀rọ̀ yìí bá Yétúndé délé, kò jẹ́ kó jẹun. Ó sọ ọ́ fún Mákindé. Mákindé ní, "Ṣé dandan ni kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni?"

Ní ọjọ́ Sátidé, Yétúndé gbé Adúmáradán dúró níbi tí ìró rẹ̀ kò ti lè dé ilé Alameen, ó pa á. Ó yọ jíà sí free, òun, Mákindé àti Ṣìmí sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Sardar, bàbá onílàwàní ilé kejì, bá wọn lójú ọ̀nà, ó béèrè bóyá bátìrì ló kú.

"Battery is fine, sir," ni Ṣìmí dá a lóhùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "It's for a lady who can't take noise."

Bàbá náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi èjìká tì í.

Hameedah ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jíǹgí oòrùn lójú. Nígbà tó rí dúdú ńlá náà tó ń yọ́ bọ̀ lójú títì, ó fọwọ́ bo ẹnu. Alameen mú un jókòó sí iwájú sítíárìn, òun náà lọ sẹ́yìn lọ tì í. Ọkọ̀ náà tún gbéra. Igi méépù àti ojú ọ̀run ń ṣàn kọjá lára bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì sí ìró kankan àyàfi bàtà àwọn tó ń tì í. Yétúndé ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó gbọ́wọ́ lé ara irin náà. Ramúramù kan kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ni, kò sì dín kù. Hameedah ń rẹ́rìn-ín láìṣí ẹnu, omijé ń gba abẹ́ jíǹgí bọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìkángun òpópónà, ó tẹ bíréèkì.

"Ẹ jẹ́ ká tún padà," ni Hameedah wí.

"Òkè nìyẹn o," ni Mákindé sọ, ó ń nu òógùn.

Yétúndé ti dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. "Ẹ wá, Bàbá Ṣìmí. Ẹ wá ká tì í."