Iṣu Mùínàt Lórí Àpáta

Ọkọ mi kì í ṣe ẹlẹ́sìn àṣejù tẹ́lẹ̀. Bí Matthew bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á bọ́ agbádá, á gba oko Olúpọ̀nnà lọ. Èmi ni mo máa ń bi í pé Ọlọ́run tó dá ayé sinmi, ṣé iṣẹ́ tirẹ̀ wá ju ti Ọlọ́run lọ ni. Kò gbọ́, àfi ìgbà tó ṣubú sórí ebè ní Ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún tó kọjá, tí apá òsì rẹ̀ kò ṣe é gbé mọ́. Nígbà tí apá náà padà bọ̀ sípò, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé Ọjọ́ Ìsinmi kò tún ní bá iṣẹ́ lọ́wọ́ òun mọ́ láé, tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé òun. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ náà yóò dé orí àpáta.

Ẹ̀yìn ilé wa ni àpáta náà wà. Orí rẹ̀ la ti ń sá iṣu èlùbọ́, èmi àti Mùínàt, opó tó ń gbé ilé kejì. Bó bá lọ kírun Jímọ̀, mo ń bá a ṣọ́ tirẹ̀. Bí a bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá wa ṣọ́ tiwa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ilé-Ogbó, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí n bá òun fojú sí iṣu òun. Mo ti ní kó máa lọ kí n tó rántí irú ọjọ́ tó jẹ́.

A ti ìsìn dé, a jẹ oúnjẹ tí mo ti sè sílẹ̀ láti Sátidé, Matthew sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé ojú ọ̀run ti ṣú lápá Kuta. Àkọ́rọ̀ ni, òjò tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa retí. Mo dìde, ó ní kí n jókòó.

Mo sọ fún un pé gbogbo iṣu wa ọdún yìí ló wà lórí àpáta yẹn, pé bí òjò bá pa á, a ó kàn fọwọ́ lẹ́rán ni títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Ó ní òun mọ̀. Ó ń fọwọ́ ra apá òsì rẹ̀. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá da ẹ̀jẹ́ yẹn, tí apá náà tún kú, n kò ní lè dárí ji ara mi.

Ààrá sán. Ìgbà náà ni Mùínàt sọ sí mi lọ́kàn.

Mo ní, "Tiwa kọ́ ni mo fẹ́ lọ kó. Mùínàt fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ó ní iṣẹ́ náà ni gbogbo rẹ̀. Mo bi í pé bí obìnrin náà bá dé, ta ni yóò sọ fún un pé ìsinmi wa ló ba iṣu rẹ̀ jẹ́. Mo fa àpò yọ, mo dá ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi.

Mo ń kó, mo ń rọ́ ọ sínú àpò. Ẹ̀kán òjò ńláńlá ti ń bọ́ lu àpáta. Tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, ó ti gbẹ dáadáa. Ọwọ́ mi fẹ́ yà sí i, mo fà á padà. Ìgbà tí n óò gbójú sókè, Matthew ló ń sáré bọ̀ tòun ti bàsíà. Inú mi dùn, mo rò pé ó wá ràn mí lọ́wọ́ ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tiwa, ó ń gbá a jọ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Mo ní, "Bàbá Kúnmi, ti Mùínàt là ń kó. Tiwa ń sinmi."

Ó dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀, ó wò mí, ó wo iṣu inú bàsíà. Lẹ́yìn náà ló rọra dà á padà sórí àpáta, ó wá bá mi, ó sì ń la ẹnu àpò fún mi.

Ti Mùínàt wọlé ní gbígbẹ. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ la dúró sí tí a ń wo òjò bó ṣe ń gbá tiwa lọ sínú kòtò. Matthew kò gbàdúrà, kò ka ẹsẹ Bíbélì kankan fún mi. Ó ní ó dun òun. Mo ní ó dun èmi náà, mo sì jókòó tì í, torí kò sí iṣẹ́ kankan tó kù fún wa láti ṣe lọ́jọ́ náà.