Irun Ọmọ́wùnmí

Lórí ọ̀kadà láti Àgọ́-Ìwòyè ni Favour ti pinnu ohun tó máa ṣe. Yóò bá àwọn ọkùnrin gbé ìyá rẹ̀, yóò wọ inú sàréè, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Òun nìkan ni Ọmọ́wùnmí bí. Ta ló tún kù tó máa ṣe é?

Ní Atíkorí, àdúgbò ìyá rẹ̀, Haneefah ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ ọmọbìnrin ni, kò sì bá a lára mu láti kékeré. Bàbá rẹ̀, Japheth, ọmọ Làìbéríà tí ogun lé wá sí àgọ́ rẹfují ní Òrù, ló sọ ọ́ ní Favour, orúkọ tí ọkùnrin ń jẹ́, tí obìnrin náà ń jẹ́. Ní àgọ́, wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ní Atíkorí, wọ́n ní ọmọ rẹfují ni. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu wọn ti kò ni pé kó jókòó bí obìnrin. Nígbà tí Japheth padà sílùú rẹ̀, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, orúkọ yẹn nìkan ló kù, ọmọ náà sì dì í mú gírígírí.

Onídìrí ni Ọmọ́wùnmí. Ó fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, ọmọ kọ̀ jálẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ bábà ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ń pè é ní bọ̀dá. Ìyá bínú, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Àfìgbà tí àìsàn dá ìyá dùbúlẹ̀ ló tó pè é lórí fóònù.

“Favour,” ló wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. “Favour, ọmọ mi, tí mo bá kú, má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan irun mi. Ìwọ ni kó o dì í.”

Ayọ̀ orúkọ yẹn pa á bí ọtí. Ó ní òun gbọ́, òun máa ṣe é, kò tilẹ̀ ro ohun tó ń ṣèlérí.

Luqman, àbúrò ìyá rẹ̀, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó wo fìlà orí rẹ̀, ó wo ṣòkòtò, kò pariwo.

“Obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin,” ló wí. “Ọkùnrin ló ń gbé e dé sàréè. Èwo nínú wọn ni ẹ́?”

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé Favour: bó bá wọlé lọ dirun ìyá rẹ̀, obìnrin ló gbà pé òun jẹ́, kò sì ní bá wọn gbé e. Asimawu, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ti na hìjáàbù sí i. Ó ṣí fìlà, ó gba hìjáàbù, ó wọlé.

Wọ́n ti wẹ ara tán, irun ló kù. Asimawu ní kó pín in sí mẹ́ta, kó dì í sẹ́yìn. Irun náà tutù, ó ti hewú, ó ń rùn káńfọ̀. Ọwọ́ tó kọ iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí gbogbo ìgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ló ń wò ó. Ó dì í, ó ń sunkún, kò sí ẹyọ irun kan tó yọ síta.

“Haneefah, o káre,” Asimawu wí. “Ọmọbìnrin gidi ni ẹ́.”

Gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀ ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wọn ò yìn ín rí. Ó dùn ún dé egungun.

Nígbà tí wọ́n kírun sí òkú lára tán, ó tẹ̀ lé wọn dé géètì. Luqman gbé ọwọ́ sókè. Ojú òun náà pọ́n.

“Padà sílé, Haneefah.”

Mùbàṣírù, ọmọ Luqman, tí kì í yà kí Ọmọ́wùnmí, ló máa wọ sàréè gbà á. Favour dúró, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó pè é lórúkọ rẹ̀ rí nínú ilé yẹn ni wọ́n gbé lọ.

Asimawu ké sí Haneefah láti ẹ̀yìnkùlé pé kó wá da omi ìwẹ̀ nù. Ó dáhùn pé, “Mà.”