Ibi tí Tájù Da Ọ́ìlì Sí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Tájù mẹkáníìkì ti ń tún mọ́tò ṣe lẹ́yìn ilé Àlàájà Ràhímátù ní Ìkátè, wàhálà kankan kò sì dé àárín wọn rí, àfi ìgbà tí omi kànga Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Bí wọ́n bá fà á, òórùn epo ló ń kọ́kọ́ yọ. Bí wọ́n bá fi wẹ̀, ara á máa yún wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi na ìka sí Tájù. Ta ló tún ń fọwọ́ kan epo níbẹ̀?

Àlàájà kò bá a jà. Ó kàn dákẹ́ sí i ni. Ìdákẹ́ yẹn dun Tájù ju èébú lọ, nítorí ìyá yìí ló fún un láyè nígbà tó ti Ìkìrun dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ onílé pe àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kíkẹ́lọmọ ló ṣáájú wọn. Samson ló ń darí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀. Ihò tóóró mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, kí wọ́n lè bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n sì ki páìpù bọ̀ ọ́ láti fa omi abẹ́ ilẹ̀ wò.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá,” ni Kíkẹ́lọmọ wí. “Níbo lẹ máa ń da ọ́ìlì tẹ́ ẹ bá tú nínú mọ́tò sí?”

Tájù bojú wẹ̀yìn. Àlàájà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Tájù mọ̀ pé irọ́ kan péré lè gba òun.

“Inú dúrọ́ọ̀mù ni báyìí, Àǹtí,” ló dáhùn. “Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́n, abẹ́ bọ́ọ̀sì tó ti kú lọ́hùn-ún yẹn ni. Ó tó ọdún mẹ́fà.”

Kíkẹ́lọmọ kò bá a wí. Wọ́n ti bọ́ọ̀sì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbẹ́ ibẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ dúdú bí ọ̀dà. Tájù ò lè gbójú kúrò.

“Ó ti parí fún mi nìyẹn, àbí?”

“Kò tíì yé mi, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ilé àyẹ̀wò.”

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Kíkẹ́lọmọ padà wá, ó sì kó gbogbo wọn jọ síwájú ilé Àlàájà.

“Bẹntiróòlù ló wà nínú kànga, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì,” ló wí. “Ilé epo tí wọ́n tì pa lẹ́yìn ògiri yẹn, táńkì abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ló jò. Ọ́ìlì ti Ọ̀gá Tájù kò jìn ju orúnkún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ hú u. Ká ní Ọ̀gá ò fi ibẹ̀ hàn wá ni, a kì bá tí lè ya tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé epo.”

Tájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tí kò ju àbúrò rẹ̀ lọ. “Àǹtí, Ọlọ́run á gbè yín o!” Kíkẹ́lọmọ sáré fà á dìde.

Àlàájà sún mọ́ ọn. “Tájù, má bínú. Mo dákẹ́ sí ọ.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bẹ̀ mí, Àlàájà. Mo kúkú da ọ́ìlì sílẹ̀ yín.”

“O dà á lóòótọ́,” ni ìyá náà wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ náà ni wàá hú u.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Tájù fi hú u, tí ọkọ̀ fi kó yẹ̀pẹ̀ dúdú náà lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n hú táńkì tó ń jò náà, wọ́n gbẹ́ kànga mìíràn tó jìn gan-an fún Àlàájà ní iwájú ilé, wọ́n sì yẹ omi rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ife àkọ́kọ́, Àlàájà gbé e fún Tájù. Ó ní iyọ̀ díẹ̀, bí omi etí òkun ṣe máa ń rí, ṣùgbọ́n kò rùn rárá. Tájù mu ún tán, ó ní, “Alihamudu lilahi,” ó sì na ife náà padà pé kí wọ́n bu òmíràn fún òun.